Ìwé Ọkọ̀ Òfurufú

Agbowó, Ìbàdàn
9 oṣù kìíní, 2023

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún, mo kí ọ kú òtútù. Ara mi le. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níwájú géètì yunifásítì. Pírójẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì ni mo dì lóṣù tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníke ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ báyìí, wọn ò fẹ́ òwú àti abẹ́rẹ́ mọ́.

O mọ ìdí tí mo fi pa fóònù tì tí mo mú bírò. Lórí fóònù, nígbàkígbà tí mo bá bi ọ́ pé ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé, nẹ́tíwọ̀kì á já. Ọdún mẹ́sàn-án ni nẹ́tíwọ̀kì yẹn ti ń já níbì kan náà. Ìwé kì í já.

Ohun tí mo fẹ́ kò tóbi. Ṣé o rántí ìtàn awakọ̀ bàálù tí mo máa ń sọ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré? Inú ìwé ni mo ti rí i. Ní 1992, olùkọ́ kan láti yunifásítì gbé e wá kí n tún ẹ̀yìn rẹ̀ dì, ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán kó tó wá gbà á. Kò ní èèpo, kò ní orúkọ. Ojú ìwé 212 ni ó sì dé tó dúró. Bí a bá fi òwú rán ìwé, ìdì ìdì ni, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún nínú ìdì kan. Ìdì tó gbẹ̀yìn ti já bọ́. Awakọ̀ náà wà lókè, ìkùukùu bo ilẹ̀, epo ń tán lọ. Láti ọjọ́ náà títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó balẹ̀.

Mo ti wá a. Ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin kan ní òun ní ìwé fífò. Ìwé ìwàásù ló gbé jáde, bí onígbàgbọ́ ṣe lè fò bí idì. Mo ní, "Bàálù ni mo wí." Ó ní, "Bàbá, ta ló ń gbé bàálù dúró lókè? Ṣé kì í ṣe Olúwa ni?" Ní Bódìjà, ìwé àwọn ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ nínú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n kó fún mi. Ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹjọ, òfo.

Ìwọ sọ pé ìwé àtijọ́ ni ẹ ń tò níbi iṣẹ́ rẹ. Bá mi wá ìwé àwọn awakọ̀ òfurufú tó ti pẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń kà síbẹ̀. Bóyá tèmi á wà nínú wọn. Má ra tuntun.

Èmi bàbá rẹ,
Olúgbádé


Leeds
20 oṣù kẹta, 2023

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá fóònù jà, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tó mọ ìwé bàálù bí ẹní mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé bàbá mi ń wá èyí tó dára. Mẹ́ta ló gbé sílẹ̀ fún mi, ó ní ẹni tí kò bá ka àwọn wọ̀nyí kò tíì ka nǹkan kan. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin tó kọ́ bàálù ní ẹni àádọ́ta ọdún, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Èkejì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn ṣe ìyẹ́, tí wọ́n fò láti orí òkè. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ogun.

Bí ẹ bá bi mí, ti obìnrin yẹn ni kí ẹ mú. Òun ló kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo kà á tán nínú bọ́ọ̀sì, ọjọ́ márùn-ún, àlọ àti àbọ̀. Ṣé ogun wà nínú tiyín? Ẹ fún mi ní àmì kan.

Ọmọ yín,
Moyọ̀sọ́rẹ


Agbowó, Ìbàdàn
2 oṣù karùn-ún, 2023

Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ, mo kí bàbá arúgbó náà. Kò sí tèmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń kọ́ bàálù, ta ló ń ra epo fún un? Àwọn ọmọ tó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn fò, bí wọ́n bá jẹ́ tèmi, ibi tí wọ́n bá já sí ni wọn ì bá máa gbé.

Àmì nìyí. Kò sí ogun níbẹ̀. Oògùn ni ọkùnrin náà ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní erékùṣù kan. Aago ọwọ́ rẹ̀ máa ń sáré, nítorí náà aago ìyàwó rẹ̀ ló so mọ́ iwájú rẹ̀, òun ló ń wò. Ní gbogbo ojú ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá, á ṣírò epo tó kù, á fi ìṣẹ́jú pín in, á tún un ṣe. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣírò bíi tèmi nínú ìwé rí, àfi òun. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

O kò dáhùn ohun tí mo bi ọ́. Ìyá rẹ kú, a sin ín, àga rẹ ṣófo. Àwọn ẹbí ní ọkàn rẹ le. Mo gbèjà rẹ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ohun tí màá sọ bó bá tún kan ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ


Agbowó, Ìbàdàn
30 oṣù keje, 2023

Àwẹ̀ró,

Oṣù méjì àti ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí èsì. Mi ò bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ ló dé.

Mo gé ìwé oníbàárà wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sẹ̀ kan, mo rò pé ọ̀bẹ ẹ̀rọ ló ń yẹ̀. Láwùmí tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní omi inú ojú mi ló ń tẹ iṣan rẹ̀ pa. Ojú ọ̀tún ti lọ, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Oògùn lè fa ti òsì sẹ́yìn díẹ̀. Mo ní kó fún mi ní iye ọjọ́. Ó ní àwọn kì í sọ iye. Mo ní ẹni tó sanwó káàdì yẹ kó gbọ́ iye. Ó wá ní bí ọdún kan, bóyá kó lé díẹ̀.

Mo ti ṣírò rẹ̀. Bí mo bá yọ oorun kúrò nínú ọdún kan, wákàtí tó kù kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ wo ojú rẹ. Fọ́tò kò tó. Fọ́tò kì í wo èèyàn padà.

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí o wá. Ó dára, èmi á wá. Ra ìwé ọkọ̀ òfurufú fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mi ò ní jẹ ọ́ lóúnjẹ púpọ̀, o mọ̀ mí.

Abdulrauf, ọmọ àdúgbò Baṣọ̀run tó ń padà sọ́dọ̀ yín, ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Bàbá rẹ


Leeds
12 oṣù kẹjọ, 2023

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Orí itan ni mo ti ń kọ èyí nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ẹni tó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn ń gbéra lónìí. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo ti rí ìwé ọkọ̀ òfurufú yín rà. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bèèrè iye. Simon tí ilé wọn wà ní Challenge ń bọ̀ wálé nínú oṣù kẹwàá, òun ni yóò mú un wá. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí á fi dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọkàn yín á balẹ̀.

Mo ti dé ibi tí màá ti bọ́ sílẹ̀.

Moyọ̀


Agbowó, Ìbàdàn
3 oṣù kẹsàn-án, 2023

Àwẹ̀ró mi, Àwẹ̀ró ìyá rẹ,

Mo rí ìwé kékeré tí o kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. Ohun tí mo ti sọ nípa ọkàn líle, mo kó o jẹ.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Láwùmí nìkan ni mo sọ fún. Láwùmí ló sọ fún àwọn yòókù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì fi omi ìyàsímímọ́ wọ́n mi lórí fún ìrìn àjò. Wòlíì ní òun rí mi níbi tí ilẹ̀ ti funfun. Mo ní yìnyín nìyẹn.

Mo ti gba ìwé ìrìnnà. Ti físà, Láwùmí ní ẹni tó bá pe èèyàn ló ń bá a ṣe é láti ọ̀hún, nítorí náà mo gbà pé inú àpò kan náà ni yóò wà. Mo ra kóòtù òkìrìkà ní Dùgbẹ̀. Bọ́tìnì rẹ̀ méjì ti já, mo fi ìyẹn dín owó rẹ̀, mo sì tú bọ́tìnì ṣòkòtò mi àtijọ́ rán sí i. Mo ti ta ẹ̀rọ ìgéwé fún Ọmọ́níyì tó wà ní òdìkejì títì. Ojú mi kò ṣe é lò mọ́, èmi náà ò sì ní fi ọwọ́ òfo wọ ilé ọmọ mi. Èlùbọ́, ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí, àti irú tí mo wé nínú nylon mẹ́fà kó má baà rùn. Mo gbé e sórí ìwọ̀n oníṣòwò gàrí: kílò mẹ́tàlélógún géérégé.

Bí o bá ń bọ̀ wá pàdé mi, má de fìlà bo iwájú. Ojú rẹ ni mò ń bọ̀ wá wò.

Bàbá rẹ tó ń palẹ̀ mọ́


Agbowó, Ìbàdàn
16 oṣù kẹwàá, 2023

Moyọ̀sọ́rẹ,

Mo wà láàyè.

Ní Sátidé, mo wọ kóòtù lọ sí Challenge. Oòrùn ń mú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Simon rí i kó lè sọ fún ọ bóyá ó nípọn tó. Láwùmí ti ṣọ́ọ̀bù tì, ó tẹ̀lé mi. Ọmọ́níyì náà wá. Simon kò jẹ́ kí a wọ ilé, etí páàkì ló ti pàdé wa, ó gbé nylon kan fún mi.

Mo ní, "Simon, ìwé náà dà?"

Ó ní, "Bàbá, òun rèé."

Mo yọ ọ́. Mo ní, "Ìwé ọkọ̀ òfurufú ni mo wí."

Ó ní, "Ṣé ẹ ò rí bàálù lára rẹ̀ ni?"

Láwùmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gba nylon náà lọ́wọ́ mi. Mo gbá ìwé náà mú ní ẹ̀yìn, mo gbọ̀n ọ́n, bóyá ìwé pélébé kan á já bọ́ láàrin rẹ̀. Mo wá ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì. Ojú ìwé 228, àti méjìlá tí wọn ò kọ nọ́ńbà sí níwájú. Ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ páàkì ní, "Bàbá ń wá owó tí wọ́n fi pamọ́." Èkejì ní, "Ẹ wo kóòtù ọrùn wọn, wọ́n ti rí owó náà."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Láwùmí ní, "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò kúkú pè é ní tíkẹ́ẹ̀tì?" Mo ní bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà dé Òṣogbo, ìwé ọkọ̀ ló pè é títí ó fi kú. Mi ò mọ̀ pé èdè baba mi á fi mí ṣẹ̀sín ní páàkì.

Ìwé yẹn gan-an ni. Mo rí aago ìyàwó rẹ̀ ní ojú ìwé kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré, ìlà mẹ́ta ni mo kà tí ojú mi fi ń da omi. Ìwé tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá dé nígbà tí ojú tí màá fi kà á ń lọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Lẹ́tà mi ti oṣù kẹsàn-án, ṣé ó dé ọwọ́ rẹ kí Simon tó gbéra? Bí kò bá dé, ìwé ló ṣi àwa méjèèjì lọ́nà. Bó bá dé, tí o sì dákẹ́, sọ fún mi.

Olúgbádé


Leeds
2 oṣù kejìlá, 2023

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì tíì dìde.

Ó dé. Abdulrauf gbàgbé ti oṣù keje sínú àpótí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, nítorí náà ti oṣù karùn-ún nìkan ni mo fèsì sí lọ́jọ́ tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kan náà ni ti oṣù keje àti ti oṣù kẹsàn-án dé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án. Mo ka ti ojú yín, mo ka ti kóòtù. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí Simon gbéra. Mo lè tẹ̀ yín láago. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé fóònù. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Mi ò lè ra ìwé ọkọ̀ kí ẹ wá bá mi, mi ò sì lè wá bá yín, nítorí èmi fúnra mi ò ní ìwé. Ìwé tí ìjọba ibí fi ń jẹ́ kí àlejò dúró. Láti ọdún 2015 ni mi ò ti ní in. Ẹni tí kò ní ìwé kò lè pe èèyàn wá. Bó bá sì jáde, kò ní wọlé mọ́. Ìwé tí mo ń tò, wọn ò sanwó fún mi, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń fún mi. Ilé onílé ni mo ń fọ̀ jẹun. Ìyá mi kú, mi ò wá. Àwọn ẹbí ní ọkàn mi le. Ìwé ni, Bàbá.

Ẹ rántí ọ́fíìsì méjì tó wà nínú ilé kan náà ní Ring Road, ní 2014, tí wọ́n ń bá èèyàn wá ilé ẹ̀kọ́ sí òkè òkun? Ìyá mi ní ká lọ sí ti òkè. Ẹ̀yin ní owó ti ìsàlẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, pé Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n máa kọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹni ìsàlẹ̀ kọ orúkọ mi sí, yàrá méjì ni, lókè ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Ìjọba tì í pa ní oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀, ìwé mi sì bá a lọ. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Ẹ ti ta ilẹ̀ Mọ́níyà nítorí mi, mo ní kí n má fi èyí kún un. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé kì í já. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé.

Mo ka ìwé yín tán kí n tó fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ bóyá ọkùnrin náà balẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, màá kọ ọ́ sí yín.

Moyọ̀sọ́rẹ


Agbowó, Ìbàdàn
14 oṣù kìíní, 2024

Moyọ̀sọ́rẹ,

Má wo bí lẹ́tà mi ṣe tóbi. Ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo máa ń kọ sójú ìwé kan tẹ́lẹ̀. Méje péré ló ń gbà báyìí. Mo ń fi ìwé ṣòfò.

Mo gbọ́ ti Ring Road. Òótọ́ ni. Èmi ni mo yan ti ìsàlẹ̀. Mo ti tún un ṣírò lọ́nà gbogbo, ibì kan náà ló ń já sí. Iye tí mo rò pé mo fi pamọ́ lọ́jọ́ náà, ìwọ lo ti ń san án fún ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ mọ̀ jù mí lọ, mi ò sì lè sọ fún un mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn, tìrẹ ni. Mo wà níbí, mo ń wọ kóòtù wò níwájú dígí Láwùmí, o sì mọ̀. Kí a má purọ́ fún ara wa, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ti jẹ èlùbọ́ náà. Ó dùn. Mo bínú pé ó dùn.

Láwùmí ló ń ka ìwé náà fún mi bí ọjà bá ti dá. Ó ń pe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ egungun ẹja, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé ojú ìwé 212. Ìkùukùu, epo, aago ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ ṣí ìyókù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ ti ń wá ojú ìwé yìí, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ojú. Mo tú òwú ẹ̀yìn ìwé náà, mo sì yọ ìdì tó gbẹ̀yìn. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún. Òun ni Simon gbé fún ọ yìí, mo wé e sínú nylon méjì. Ẹnikẹ́ni ò kà á níbí.

Má kọ ọ́ sí mi. Má sọ ọ́ lórí fóònù. Má fún Simon tàbí Abdulrauf kí wọ́n mú un padà bọ̀. Ọjọ́ tí ìwé rẹ bá jáde, ọdún yòówù kó jẹ́, kí ìdì náà gba ọwọ́ rẹ wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, kí o jókòó, kí o kà á fún mi. Ó ṣeé ṣe kí n má lè rí ọ mọ́ nígbà náà. Màá gbọ́ ọ.

Mo ti rán ìyókù padà. Mo fi àyè ìdì kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu òwú, Àwẹ̀ró. Mi ò tíì ta kókó sí i.

Bàbá rẹ